Yíìsì, èèpo ẹ̀gẹ́ àti ṣùkù àgbàdo: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lórí sísọ pàǹtí oko di epo

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí nítòsí wa, òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ kan wà tó ti ga ju orí èèyàn lọ. Bí òjò bá pa á lóru, tí oòrùn wá mú un láàárọ̀, ẹ ó rí i tí oruku fẹ́ẹ́rẹ́ ń gòkè lára rẹ̀, òórùn kíkan á sì gba àdúgbò kan. Nǹkan kan wà nínú òkìtì yẹn tó ń jẹun. Èmi máa ń dúró wò ó ni, àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́ á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn yẹ̀yẹ́, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì náà á pè mí lórí fóònù. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, bí mo sì ṣe máa ń dáhùn lẹ́nu ni mo ṣe kọ ọ́.

Kí lẹ ń pè ní pàǹtí oko gan-an?

Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti mú èyí tí a ó jẹ àti èyí tí a ó tà. Èèpo ẹ̀gẹ́, ṣùkù àti háhá àgbàdo, pòròpórò ọkà bàbà, èèpo kòkó, ìyàngbò ìrẹsì, háhá ìrèké tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé, ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 tọ́ọ̀nù lọ́dún kan. Bí ẹ bá sì bó kílò 100, kílò 10 sí 20 ni ẹ ó kó dànù bí èèpo. Ẹ ṣírò ìyókù fúnra yín.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe nǹkan ní pàǹtí, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, pàǹtí ni èèpo kòkó. Lójú àwọn ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú, wọ́n á sun ún, wọ́n á fi omi sẹ́ eérú rẹ̀, omi eérú yẹn ni wọ́n á sì fi bá epo jà lórí iná títí yóò fi di ọṣẹ. Kẹ́míkà látinú pàǹtí oko nìyẹn, kò sì sí yíìsì kankan níbẹ̀. A ti ń ṣe é ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ ńlá.

Báwo ni yíìsì ṣe ń sọ ṣúgà di nǹkan mìíràn?

Yíìsì ni ìwúkàrà inú Bíbélì. Ohun abẹ̀mí ni, ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ẹmu kalẹ̀ láàárọ̀ ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: bí wọ́n ṣe gbé e bọ̀ láti orí ọ̀pẹ, ó dùn, tó bá di ọ̀sán, ó ti ń hó yẹ́ẹ́, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti le. Yíìsì tó wà nínú akèrègbè ló ń jẹ ṣúgà ẹmu náà. Bó ṣe ń jẹ, ó ń yọ ohun méjì sílẹ̀: ọtí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹtanọ́ọ̀lù, àti gáàsì, ìyẹn carbon dioxide. Gáàsì yẹn ló ń hó.

Ìwọ̀n rẹ̀ kì í yí padà. Gíráàmù 180 ṣúgà glucose á fún yín ní gíráàmù 92 ọtí àti gíráàmù 88 gáàsì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ẹrù yín tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá sí i. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé àwọn kan ń kiri tí wọ́n ń sọ pé àwọn lè rí kílò kan epo nínú kílò kan ṣúgà. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ìtàn kan wà níbí tí mo fẹ́ràn. Louis Pasteur ti fi hàn pé ohun abẹ̀mí ni yíìsì, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé láìsí ẹ̀mí rẹ̀, ṣúgà ò lè di ọtí. Ní 1897, Eduard Buchner ní Jámánì gún yíìsì pẹ̀lú iyanrìn, ó fún omi rẹ̀, ó sẹ́ ẹ títí kò fi sí yíìsì alààyè kan nínú rẹ̀. Ó da ṣúgà sí omi yẹn. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ohun tó wà nínú yíìsì tó ń ṣiṣẹ́ náà la ń pè ní ẹ́ńsáímù. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1907. Ẹ rántí ẹ́ńsáímù yìí, nítorí pé òun ló máa gba owó lọ́wọ́ wa níwájú.

Ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn tó ń sè ògógóró ń ṣe náà nìyẹn?

Òun náà ni. Ẹmu kan, wọ́n sè é, oruku rẹ̀ gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, ó sì ń kán tó, tó, sínú ìgò. Ẹni tó bá mọ ìyẹn ti mọ ìdajì ohun tí ilé iṣẹ́ ẹtanọ́ọ̀lù ń ṣe. Ìdajì kejì ni bí a ṣe máa rí ṣúgà nínú ohun tí kò dùn lẹ́nu.

Ẹmu ń fúnra rẹ̀ hó. Kí ló dé tí ṣùkù àgbàdo tí mo rì sínú omi ò hó?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lọ nìyí, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í.

Ṣúgà wà nínú ṣùkù. Wọ́n tì í mọ́lé ni. Ẹ ronú ilé alámọ̀ àtijọ́: wọ́n á ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, wọ́n á fi okùn dì wọ́n pọ̀, wọ́n á wá fi amọ̀ rẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí ara igi, pòròpórò àti ṣùkù ṣe rí nìyẹn. Ọ̀pá ibẹ̀ ni cellulose, okùn tó dì í ni hemicellulose, amọ̀ tó bò ó ni lignin. Ṣúgà ni wọ́n fi mọ ọ̀pá àti okùn. Amọ̀ kì í ṣe ṣúgà rárá, yíìsì ò sì lè fi ṣe nǹkan kan.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni pé ṣúgà kan náà, glucose, ló wà nínú sítáàṣì ẹ̀gẹ́ àti nínú cellulose ṣùkù. Bí wọ́n ṣe so wọ́n mọ́ra ló yàtọ̀. Ìsopọ̀ ti sítáàṣì, inú wa lè tú u, ìdí nìyẹn tí fùfú fi ń yó wa. Ìsopọ̀ ti cellulose, inú wa ò lè tú u. Ewúrẹ́ tó ń jẹ háhá náà ò lè dá a tú. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń gbé inú ikùn rẹ̀ ló ń bá a tú u.

Nítorí náà, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wó amọ̀. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kó o sínú ìkòkò irin ńlá, kí wọ́n da oruku gbígbóná tó tó 180 sí 200°C bò ó, kí wọ́n wá ṣí i lójijì. Omi tó wà nínú ìtí rẹ̀ á bú gbàù, á sì fọ́n ọn ká. Àwọn mìíràn ń lo ásíìdì díẹ̀, àwọn mìíràn ammonia. Ṣùgbọ́n bí iná bá pọ̀ jù, díẹ̀ lára ṣúgà á jóná di furfural, okùn náà á sì tú acetic acid sílẹ̀, ìyẹn ásíìdì inú fínígà. Méjèèjì jẹ́ májèlé fún yíìsì. Ẹ wá ti ṣí ilẹ̀kùn tán, oúnjẹ ti korò.

Lẹ́yìn amọ̀, ó ku ọ̀pá. Ẹ́ńsáímù ló ń gé e. Èyí tí ilé iṣẹ́ ń lò jù wá látara olú tín-tìn-tín kan tó ń jẹ́ Trichoderma reesei. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn sójà Amẹ́ríkà ní erékùṣù Solomon rí i pé àgọ́ àti aṣọ òwú wọn ń jẹrà. Olú yìí ló ń jẹ ẹ́. Òwú, cellulose pọ́ńbélé ni. Àwọn onímọ̀ gbé e lọ sílé láti wá oògùn tí yóò pa á, nígbà tó yá wọ́n rí i pé ọgbọ́n tó fi ń jẹ aṣọ ló yẹ káwọn yá lò. Ọ̀tá sójà di alágbàṣe.

Mo gbọ́ pé ṣúgà kan wà tí yíìsì ò lè jẹ. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Tí okùn, ìyẹn hemicellulose, bá tú, ṣúgà tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni xylose. Yíìsì búrẹ́dì, Saccharomyces cerevisiae, á wò ó bí ọmọdé ṣe ń wo ewúro. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, apá ńlá nínú ṣúgà ṣùkù ti bọ́ nìyẹn.

Ní àwọn ọdún 1990, Nancy Ho àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà fi jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú ohun abẹ̀mí tó ń sọ ohun tí yóò máa ṣe, kún yíìsì kí ó lè jẹ xylose. Ọ̀nà kejì ló máa ń pa àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́rìn-ín tí mo bá sọ ọ́. Olú kan wà tó ń gbé inú erin, wọ́n rí i nínú ìgbẹ́ erin Íńdíà. Ó ní ẹ́ńsáímù tó ń yí xylose padà ní ìṣísẹ̀ kan péré. Ní nǹkan bíi 2003, àwọn onímọ̀ ní Delft, lórílẹ̀-èdè Netherlands, mú jíìnì rẹ̀ fi sínú yíìsì, ó sì ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìgbẹ́ erin, ẹ kí i.

Mo fẹ́ dán an wò nílé pẹ̀lú èèpo ẹ̀gẹ́. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Èèpo ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ṣùkù sílẹ̀ fún àwọn onímáṣíìnì. Èèpo ẹ̀gẹ́ ṣì ní sítáàṣì púpọ̀ nínú, pàápàá awọ funfun tó wà lábẹ́ awọ pupa, sítáàṣì ò sì nílò oruku 200°C.

Ẹ fọ iyanrìn rẹ̀ dáadáa, ẹ lọ̀ ọ́ níta gbangba, ẹ da omi sí i, ẹ gbé e kaná títí tí yóò fi ki bí ẹ̀kọ. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó wá sí nǹkan bíi 60 sí 65°C. Níbí ni ọgbọ́n àwọn ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti wọlé. Wọ́n máa ń rẹ àgbàdo, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́. Àgbàdo tó ń hù ń ṣe ẹ́ńsáímù láti fi jẹ sítáàṣì tirẹ̀. A kàn ń yá ẹ́ńsáímù náà lò ni. Ẹ ro ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi nǹkan wé ìkòkò kó má tètè tutù. Láàárín wákàtí kan sí méjì, ẹ̀kọ tó ki yìí á ṣàn bí omi. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé ẹnì kan ti da omi sí i lẹ́yìn mi.

Ẹ má tọ́ ọ wò o, nítorí ohun tí màá sọ nísàlẹ̀. Ẹ ra iodine ní ilé oògùn, oògùn ojú ọgbẹ́ aláwọ̀ rúsúrúsú yẹn. Ẹ bu díẹ̀ sórí àwo funfun, ẹ kán iodine sí i. Bó bá di dúdú bí aró, sítáàṣì ṣì kù. Bí àwọ̀ iodine ò bá yí padà, ó ti di ṣúgà. Ẹ wá jẹ́ kó tutù dé bíi 30°C kí ẹ tó da yíìsì sí i, torí omi gbígbóná ń pa á. Ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má jẹ́ kó kún, ẹ fi róbà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìdérí rẹ̀ kọjá, ẹ ri ẹnu róbà náà sínú ìgò omi. Ẹ ó máa gbọ́ ọ tó ń pariwo búlú, búlú. Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, ariwo á dákẹ́.

Èmi ò fi róbà sí àkọ́kọ́ tèmi. Mo dé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 náà pinpin, mo sì gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó di òru, a gbọ́ gbàù. Ìdérí ti lọ há sí àjà, èèpo ẹ̀gẹ́ sì ti ya àwòrán sára ògiri. Mo bínú, mo ṣí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì sílẹ̀ gbayawu. Òun náà di fínígà, torí tí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé, àwọn bakitéríà mìíràn á sọ ọtí di acetic acid. Róbà àti ìgò omi tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan ló gbà mí.

Ibi tí ẹ ó dúró nìyẹn. Ẹ má sè é sínú ìgò nínú ilé ìdáná yín. Oruku ọtí ń gbá iná mú bíi bẹntiróòlù, kò sì ní kìlọ̀ fún yín tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé iṣẹ́ yẹn fún ibi tí wọ́n ní irinṣẹ́ àti ìwé àṣẹ rẹ̀.

Lítà mélòó ni màá rí nínú tọ́ọ̀nù kan èèpo?

Kílò kan sítáàṣì, bí ohunkóhun ò bá ṣòfò, ò lè fún yín ju nǹkan bíi lítà 0.72 ẹtanọ́ọ̀lù lọ. Ẹ jẹ́ ká gbà pé nínú tọ́ọ̀nù kan èèpo tútù, kílò 700 ló jẹ́ omi, àti pé ìdajì kílò 300 tó kù ló jẹ́ sítáàṣì. Kílò 150 nìyẹn, ìyẹn lítà 108. Bí iṣẹ́ yín bá dára tó ìwọ̀n 85 nínú 100, lítà 92. Èèpo tiyín lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè dín. Kí ẹ tó gbé owó sílẹ̀, ẹ gbé èèpo lọ sí yàrá ìwádìí kí wọ́n wọn sítáàṣì rẹ̀. Iye tí ẹnì kan kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, títí kan tèmi yìí, kì í ṣe èèpo yín.

Wọ́n ní májèlé wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́. Ṣé yíìsì á kú ni àbí èmi?

Ohun kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ́ linamarin, ó sì pọ̀ nínú èèpo ju inú ẹ̀gẹ́ lọ. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́, ó máa ń tú cyanide sílẹ̀. Cyanide yìí máa ń di afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi 26°C, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ lọ̀ ọ́ níta, kí ẹ sì ṣí ìkòkò nígbà tí ẹ bá ń sè é. Ọ̀nà kan náà tí gàrí fi ń di ohun tí a lè jẹ ni: rírin, fífi í sílẹ̀ kó kan, fífún omi rẹ̀, yíyan. Ẹni tó bá dé ìkòkò sínú yàrá tí kò ní fèrèsé ń wá wàhálà.

Ṣé mo lè mu ún?

Rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo ń ṣàwàdà. Ọtí mìíràn wà tó ń jẹ́ methanol, tó jọ ẹtanọ́ọ̀lù lójú àti lẹ́nu, tó sì máa ń fọ́ni lójú tàbí kó pani. Kíkan lásán máa ń mú díẹ̀ wá, pàápàá látinú èèpo èso, ṣùgbọ́n èyí tó ń pa àwọn èèyàn lọ rẹpẹtẹ sábà máa ń jẹ́ methanol ilé iṣẹ́ tí ẹnì kan dà mọ́ ọtí. Ní 2015, àwọn èèyàn kú nípa rẹ̀ ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ẹtanọ́ọ̀lù ìdáná, ilé iṣẹ́ sábà máa ń da nǹkan kíkorò mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má bàa mu ún. Ẹ má wá ọgbọ́n láti yọ ọ́.

Ṣé mo lè dà á sínú mọ́tò tàbí jẹnẹrétọ̀ mi?

Kì í ṣe èyí tó jáde nínú ìkòkò yín. Bó ti wù kí ẹ sè é tó, omi díẹ̀ á ṣì kù nínú rẹ̀: bó bá ti dé nǹkan bíi 95.6 nínú 100, ọtí àti omi á jọ máa di oruku pọ̀, ẹ ò sì lè fi iná yà wọ́n mọ́. Ilé iṣẹ́ máa ń gbà á kọjá lára òkúta kéékèèké kan tó ń fa omi mu. Bí omi bá wà nínú ọtí tí ẹ dà mọ́ bẹntiróòlù, omi àti ọtí á rọ̀ sísàlẹ̀ táńkì, ẹ́ńjìnnì á sì kọ iṣẹ́. Ẹtanọ́ọ̀lù tún máa ń jẹ róbà inú àwọn jẹnẹrétọ̀ kan. Agbára lítà kan rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti lítà bẹntiróòlù kan.

Bràsíl ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó. Ọdún 1975 ni ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ètò Proálcool, nígbà tí epo rọ̀bì gbówó lórí. Ní 2003, mọ́tò tó lè lo bẹntiróòlù tàbí ẹtanọ́ọ̀lù tàbí àpòpọ̀ méjèèjì dé ọjà wọn. Fún ọdún pípẹ́, lítà 27 nínú 100 bẹntiróòlù wọn ló jẹ́ ẹtanọ́ọ̀lù, ní 2025 wọ́n sì gbé e dé 30. Ìjọba tiwa náà kọ ìlànà tirẹ̀ ní 2007, pé kí ó jẹ́ 10 nínú 100. Ẹ lọ béèrè ní ilé epo tó sún mọ́ yín.

Kí wá ni mo lè fi ṣe, tí kò bá wọ mọ́tò?

Ìdáná. Èmi ò fi ọ̀rọ̀ yìí bò. Sítóòfù ẹtanọ́ọ̀lù ò béèrè pé kí omi tán pátápátá nínú epo rẹ̀, ó sì ń jó láìsí èéfín dúdú. Ní Ìbàdàn níbí, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago, Christopher Olopade lára wọn, ṣe ìwádìí lórí aláboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù ẹtanọ́ọ̀lù, àwọn yòókù ń bá tiwọn lọ. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017: nígbà tí oyún ń parí lọ, nǹkan bí 6 nínú 100 lára àwọn tó ń lo igi àti kẹrosíìnì ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, lára àwọn tó ń lo ẹtanọ́ọ̀lù, nǹkan bí 2 ni. Ẹni tó bá ti rí ìyá rẹ̀ tó ń fẹ́ iná igi tútù nígbà òjò mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ kàn ṣọ́ra fún iná rẹ̀: nínú oòrùn, ojú lè má tètè rí i. Ẹ má da epo sí sítóòfù tó ṣì ń jó láé.

Yàtọ̀ sí epo, kí ni mo tún lè rí níbẹ̀?

Níbí ni owó wà, lójú tèmi. Epo olówó pọ́ọ́kú ni ẹtanọ́ọ̀lù. Ó gbọ́dọ̀ bá bẹntiróòlù du ọjà. Àwọn nǹkan mìíràn wà tí kílò kan wọn níye lórí jù ú lọ.

Xylose inú ṣùkù lè di xylitol, ṣúgà tí kì í jẹ eyín, tí wọ́n ń fi sínú ṣingọ́ọ̀mù. Ilé iṣẹ́ sábà ń fi ẹ̀rọ àti irin kan tó ń jẹ́ nickel ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn yíìsì kan láti ìdílé Candida lè ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ajá yín jẹ ẹ́, májèlé ni fún ajá. Furfural tí mo ní ó ń pa yíìsì, àwọn kan ń dìídì ṣe é tà: ní àwọn ọdún 1920 ni ilé iṣẹ́ Quaker Oats bẹ̀rẹ̀ sí í fi èèpo ọkà oats ṣe é ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà.

Yíìsì fúnra rẹ̀, tó bá ti jẹun yó tán, oúnjẹ ẹran ni. Nígbà ogun, àwọn ará Jámánì fi ṣúgà tí wọ́n yọ látara igi bọ́ yíìsì, wọ́n sì fi yíìsì bọ́ ẹran àti èèyàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n tún da kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ sulphite sí i, yíìsì ò sì yọ ọtí tó bẹ́ẹ̀ mọ́, glycerol ló ń yọ, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àdó olóró. Ohun tí ẹ bá fi há yíìsì lọ́nà ló máa ń pinnu ibi tí yóò gbà.

Lónìí, jíìnì ni wọ́n fi ń há a. Ẹgbẹ́ Jay Keasling ní Berkeley, California, ti ṣe yíìsì tó ń ṣe artemisinic acid ní 2006. Nígbà tó fi máa di 2013, gíráàmù 25 ló ń jáde nínú lítà kan. Òun ni wọ́n ń sọ di artemisinin, oògùn tó wà nínú àwọn egbòogi ibà tí ẹ ń rà ní ilé oògùn. Ilé iṣẹ́ Sanofi ṣe é ní Garessio ní Ítálì. Ṣùgbọ́n owó ewé tí wọ́n ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀ já wálẹ̀, yíìsì ò sì lè bá ewé du ọjà. Ṣúgà mímọ́ ni wọ́n sì fi bọ́ ọ, kì í ṣe èèpo. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tó ṣeé ṣe àti ohun tó ń mówó wọlé kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Bó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá òyìnbó fi ń kógbá wọlé?

Ẹ ti gbọ́ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó ń fi pàǹtí oko ṣe ẹtanọ́ọ̀lù ní Crescentino ní Ítálì ṣí ní 2013, ó dáwọ́ dúró ní 2017. Ti Hugoton ní Kansas ṣí ní 2014, ilé iṣẹ́ tó ni ín wọko gbèsè ní 2016. Ilé iṣẹ́ DuPont ṣí tiwọn nílùú kan tó ń jẹ́ Nevada ní ìpínlẹ̀ Iowa ní 2015, wọ́n tì í ní 2017. Ti Podari ní Romania tó ń lo pòròpórò àlìkámà, wọ́n tì í ní 2023.

Yíìsì kọ́ ló jẹ̀bi. Pòròpórò máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n ní láti lọ kó o láti oko, kí wọ́n dì í, kí wọ́n tò ó jọ fún oṣù púpọ̀, ìtòjọ yẹn sì máa ń gbiná. Iyanrìn àti òkúta oko bá a wọlé, ó ń jẹ irin ẹ̀rọ. Ẹ́ńsáímù wọ́n. Ìgbà tí wọ́n sì ń ṣí ilẹ̀kùn, láti 2014, ni owó epo rọ̀bì já wálẹ̀.

Ẹ wá wo ilé iṣẹ́ Raízen ní Piracicaba, ní Bràsíl, tí wọ́n fi háhá ìrèké ṣe ẹtanọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà wọn. Wọ́n pẹ́ ju àwọn yẹn lọ. Ìdí kan ni pé háhá náà ti wà nílẹ̀ ní ẹnu ẹ̀rọ: ẹni tó gbé ìrèké wá ló gbé e wá, wọ́n ti sanwó ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ iṣẹ́ àbọ̀ ìwádìí nìyí. Ẹ má lọ kó ṣùkù káàkiri oko Ṣakí. Èèpo ẹ̀gẹ́ ti wà nílẹ̀ níbi gàrí, òkìtì ni, ojoojúmọ́ ni, ẹ̀yin ẹ lọ bá a níbẹ̀.

Kí ni mo máa ṣe sí omi ìdọ̀tí tó kù?

Ó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ: fún lítà kan ẹtanọ́ọ̀lù, lítà 10 sí 15 omi rúdurùdu lè ṣẹ́kù. Bí ẹ bá dà á sódò, àwọn kòkòrò á jẹ ẹ́, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja á sì kú. Ní Bràsíl, wọ́n máa ń bomi lò ó lóko ìrèké, torí potash, tí irúgbìn ń jẹ, wà nínú rẹ̀. Ẹ tún lè fi pa gáàsì ìdáná nínú táńkì tí wọ́n dé pa. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ yàn án kí ẹ tó ra ẹ̀rọ.

Ewúrẹ́ mi ló ń jẹ èèpo yẹn. Ṣé ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ewúrẹ́ ni?

Ìyá kan ló bi mí léyìí, mi ò sì yára dá a lóhùn. ILRI, àjọ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó ní ọ́fíìsì nínú ọgbà IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Ìbàdàn, ti fi hàn bí a ṣe lè rin èèpo ẹ̀gẹ́, kí a fún omi rẹ̀, kí a sá a kó gbẹ láàárín ọjọ́ kan, kí a tà á fún àwọn tó ń sin adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹja. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Ní ibi tí ẹnì kan bá ti ń ra ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹran. Iṣẹ́ rẹ̀ kéré, ewu rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ibi tí òkìtì bá ti ń jẹrà, tí wọ́n ń sun ún lójú ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè rẹ̀, ibẹ̀ ni kí yíìsì lọ. Ẹ sì san nǹkan fún àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí i pé èèpo ti di owó, kò ní jẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Yíìsì wo ni kí n rà?

Yíìsì búrẹ́dì onísáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà lọ́jà tó fún ìdánwò. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára rẹ̀. Kí ẹ tó dà á sínú gbogbo kẹ́ẹ̀gì, ẹ fi ṣíbí kan sínú omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní ṣúgà díẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá wú, tó yọ ìfòfò, ó wà láàyè. Bó bá dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ ife, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín.